Aládùúgbò aláriwo: bí ẹ ṣe lè bá a sọ̀rọ̀ tí yóò gbọ́

Kò sí àdúgbò l'Ékòó tí kò ní ariwo tirẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ ń bú lọ́tùn-ún, ìṣọ́ òru ń lọ lósì, ọmọ tó wà ní bọ́ìsì-kọ́tà ra sípíkà tuntun, ó sì fẹ́ kí gbogbo ojúlé mọ̀ pé òun rà á. Púpọ̀ nínú rẹ̀ la máa ń rọ́jú fún. Ẹni tó bá ní òun ò fẹ́ gbọ́ ohunkóhun nínú ilé tí ìdílé mẹ́jọ ń gbé, àfi kó lọ kọ́lé sóko. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tí tirẹ̀ ti kọjá rírọ́jú: ẹni tí kò rí oorun sùn mọ́, tí ọmọ rẹ̀ kò lè kàwé, tàbí tí àyà rẹ̀ ń já nígbàkígbà tó bá gbọ́ tí wọ́n fa okùn jẹ́n.

Lójú tèmi, ohun tó ń ba ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ jù ni pé ìbínú la máa ń gbé lọ bá aládùúgbò, a kì í gbé ohun tí a fẹ́ gbà lọ. "Ẹ dín ariwo kù" kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ tí ẹnikẹ́ni lè mú ṣẹ. Kó dín in kù dé ibo? Ṣùgbọ́n "ẹ jọ̀ọ́, tó bá ti di aago mẹ́wàá alẹ́, ẹ bá mi pa á", ìyẹn ṣeé ṣe, gbogbo ilé á sì mọ̀ bóyá ó ṣe é tàbí kò ṣe é. Ẹ fi èyí sọ́kàn bí ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó sọ ọ́

Ẹ mú ìwé ẹ̀sásáìsì kan. Fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ máa kọ ọjọ́, aago tí ariwo bẹ̀rẹ̀, aago tó parí, irú ariwo tó jẹ́ àti ohun tó bà jẹ́ fún yín. Ìdí méjì ni. Ìkíní, ẹ lè rí i pé kì í ṣe "ojoojúmọ́" bí ẹ ti rò, pé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àti Àbámẹ́ta nìkan ni. Ẹ̀bẹ̀ lórí ọjọ́ méjì sì rọrùn láti gbà ju ẹ̀bẹ̀ lórí ọjọ́ méje lọ. Ìkejì, ẹ lè rí i pé ẹni tí ẹ ń fura sí kọ́. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ariwo máa ń gba inú dẹ́kì àti ògiri rìn. Èyí tó dà bíi pé òkè yín gan-an ló ti ń wá lè jẹ́ ti ojúlé ẹ̀gbẹ́.

Ẹ fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀ láti orí ibùsùn yín, pẹ̀lú fèrèsé pípadé, kí ẹ sì dárúkọ ọjọ́ àti aago sínú rẹ̀. Áàpù tó ń wọn ariwo wà lórí fóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Kò péye tó ẹ̀rọ ìjọba, ṣùgbọ́n yóò jẹ́ kí ẹ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ìwọ̀n tí LASEPA, àjọ tó ń bójú tó àyíká ní ìpínlẹ̀ Èkó, fi lélẹ̀ fún àdúgbò tí èèyàn ń gbé ni dẹ́sìbẹ́lì (ìyẹn òṣùwọ̀n ariwo) 55 lọ́sàn-án àti 45 lóru. Òfin ìjọba àpapọ̀ lórí ariwo, tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2009, tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: 50 lọ́sàn-án, 35 lóru, láti aago mẹ́wàá alẹ́ títí di mẹ́fà àárọ̀ ló sì ń pè ní òru. Aago mẹ́wàá tí mo ní kí ẹ máa bẹ̀bẹ̀ fún yẹn, kì í ṣe látọwọ́ ara mi.

Kí ẹ lè mọ bí ìwọ̀n yìí ti kéré tó: bí èèyàn méjì bá jókòó tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, nǹkan bíi 60 ni. Kò sí jẹ́n tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ fèrèsé tí kò kọjá rẹ̀. Tiyín náà ńkọ́?

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ wo ilé tiyín

Ohun àkọ́kọ́ tí aládùúgbò yóò fi dá yín lóhùn ni ariwo tiyín. Bóyá odó ni, bóyá àdúrà aago márùn-ún ìdájí, bóyá ajá, bóyá ilẹ̀kùn onírin tí ẹ máa ń gbá pa bí ẹ bá wọlé pẹ́. Ẹ tún èyí tí ẹ lè tún ṣe ṣe kí ẹ tó lọ. Bí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ lè sọ pé, "Àwa náà mọ̀ pé odó wa máa ń dà yín láàmú, a ti wá nǹkan ṣe sí i." Gbólóhùn yẹn nìkan ti gba ìdajì ìjà lọ́wọ́ yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ìgbà tí ẹ máa lọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà, nítorí náà n óò pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀.

Ẹ má lọ nígbà tí ariwo náà ń lọ lọ́wọ́. Ní aago kan òru, inú yín ti ru, oorun ń kùn yín, òun ní tirẹ̀ ti mu ọtí tàbí àlejò kún ọ̀dọ̀ rẹ̀. Bó bá gbà fún yín lójú àlejò, ó ti tẹ́ nìyẹn, kò sì ní gbà. Ẹ má sọ ọ́ ní kọ́rídọ̀ níbi tí ayálégbé yòókù ti ń gbọ́, ẹ má sì sọ ọ́ lójú ọmọ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kó di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí kò sí aápọn dára, lẹ́yìn tó bá ti ibi iṣẹ́ dé tó sì ti jẹun. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú náà dára. Ẹ dá lọ, tàbí kí tọkọtaya jọ lọ. Bí ẹ bá kó èèyàn mẹ́rin lẹ́yìn, ìpàdé ẹjọ́ lẹ pè é sí.

Ẹ kí i dáadáa. Ẹ má sáré kí i bí ẹni tó fẹ́ tètè débi ọ̀rọ̀. Bó bá ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Lẹ́yìn náà:

"Ẹ káalẹ́ sà, Bàbá Kẹ́hìndé. Ẹ kú àbọ̀ ibi iṣẹ́. Ṣé àwọn ọmọ wà dáadáa? Ẹ̀bẹ̀ kékeré kan ni mo bá wá, sà. Jẹ́n yín tó kọjú sí ọ̀nà yàrá wa, tó bá ti kọjá aago mẹ́wàá, ọmọ wa kì í lè sùn mọ́. Mo ní kí n bẹ̀ yín bóyá ẹ lè máa bá wa pa á ní mẹ́wàá, tàbí ká jọ sún un sí ẹ̀yìn kànga lọ́hùn-ún."

Ẹ rí i pé kò sí "ẹ ò ro tẹlòmíì" níbẹ̀. Kò sí "gbogbo ilé ló ń sọ ọ́" pẹ̀lú. Gbólóhùn yẹn burú jù, torí yóò bi yín pé ta ni gbogbo ilé, ìjà mìíràn á sì bẹ́. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín àti oorun yín nìkan lẹ sọ, ẹ sì fi ọ̀nà méjì síwájú rẹ̀ kó mú ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.

Ó ṣeé ṣe kó ní, "Ṣé èmi nìkan ni mo ń tan jẹ́n nínú ilé yìí ni?" Ẹ dá a lóhùn pé, "Rárá o sà, gbogbo wa là ń tàn án. Tiyín ló kàn sún mọ́ wa jù." Kí ẹ wá dákẹ́. Ẹ jẹ́ kó ronú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀bẹ̀ ló ti bà jẹ́ nítorí pé ẹni tó bẹ̀ ẹ́ kò mọ ìgbà tó yẹ kó pa ẹnu dé.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ jù ú lọ, ẹ má tìtorí pé ọmọdé ni kí ẹ dúró lẹ́nu ọ̀nà máa pariwo orúkọ rẹ̀. "Ṣẹ́gun, wá, jókòó. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́." Bí àgbà bá bẹ ọmọdé, ojú máa ń ti ọmọ náà ju kí wọ́n nà án lọ.

Bí ẹ bá ti jọ fẹnu kò, ẹ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì: "Ẹ ṣeun fún àná, sà. A dúpẹ́ pé a jọ fẹnu kò sí aago mẹ́wàá." Ọpẹ́ ni, ẹ̀rí sì ni. Àmọ́ ẹ má gbé ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ lọ sórí WhatsApp àwọn ará ilé o. Fọ́ìsì-nóòtì ìṣẹ́jú mẹ́ta látọ̀dọ̀ ẹni tínú ń bí, tí èèyàn ogún sì gbọ́, kò sí àgbà tó lè kó o padà.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ bẹ̀bẹ̀ fún ohun tó bá ariwo náà mu

Jẹ́n. Àwọn kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" máa ń dún gan-an, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ìgbà, sàlẹ́ńsà rẹ̀ ló ti jẹrà. Ẹ wò ó bóyá ó ti lu. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹ sọ pé ẹ máa dá sí owó rẹ̀. Ẹ jọ gbé e sórí táyà àlòkù kó má bàa máa gbọn ilẹ̀. Ní ti èéfín, ẹ má bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀ rárá. Ẹ sọ ọ́ gbangba pé jẹ́n kò gbọdọ̀ wà ní kọ́rídọ̀, ní báńkónì, ní ilé ìdáná tàbí nítòsí fèrèsé tí ẹnikẹ́ni ń sùn sí. Gáàsì inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun ní ilẹ̀ wa, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Bí onítọ̀hún kò bá gbọ́ èyí, ẹ pe lánlọ́ọ̀dù lọ́jọ́ náà gan-an.

Sípíkà. Baàsì ló ń gba inú ògiri kọjá, kì í ṣe orin fúnra rẹ̀. Ẹ ní kó gbé e kúrò lára ògiri tí ẹ jọ ní, kó fi fóòmù tàbí tìmùtìmù sábẹ́ rẹ̀, kó sì dín baàsì kù. Ohun kan wà tó máa ń ṣiṣẹ́ gan-an: ẹ ní kó tan orin náà lójú gbogbo yín. Kí ẹnì kan dúró nínú yàrá yín, kí ẹni tó ni sípíkà máa yí i sókè díẹ̀díẹ̀. Ibi tí ẹni tó wà ní yàrá yín bá ti ní "ó tó!", ẹ fi báírò sàmì sí ara bọ́tìnnì náà. Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí àríyànjiyàn pé orin pọ̀ tàbí kò pọ̀. Àmì nìkan la ó máa wò.

Odó. Ẹni tó ń gún iyán lórí dẹ́kì ní alẹ́ kò mọ̀ pé orí ẹlòmíràn ló ń gún. Kò yẹ ká ní kó má jẹ iyán mọ́. Kó ká àpò ìrẹsì tàbí àpò sìmẹ́ńtì tó ti ṣófo nípọn, kó gbé odó lé e. Táyà àlòkù tún dára jù. Bó bá ní àyè, kó sọ odó kalẹ̀ sísàlẹ̀ sí ẹ̀yìnkùlé.

Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Àwọn èèyàn máa ń bẹ̀rù èyí, bẹ́ẹ̀ ìjọba kò bẹ̀rù rẹ̀. Lọ́dún 2016, ṣọ́ọ̀ṣì 70 àti mọ́ṣáláṣí 20 ni ìpínlẹ̀ Èkó tì pa nítorí ariwo, pẹ̀lú àwọn òtẹ́ẹ̀lì mélòó kan. Àmọ́ ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ni, kí Kìrìsìtẹ́nì ṣáájú. Bó bá jẹ́ mọ́ṣáláṣí ni, kí Mùsùlùmí ṣáájú. Bí ẹ bá ṣe é lódì, ọ̀rọ̀ oorun á di ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ti oorun mọ́. Ẹ lọ láàárín ọ̀sẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ ìsìn, kí ẹ wá ọmọ ìjọ kan tó ń gbé àdúgbò mú ọ̀nà fún yín. Ohun tí ẹ máa bèèrè: kí wọ́n yí sípíkà sínú ilé ìsìn, kí wọ́n sọ fìnlà (sípíkà ẹlẹ́nu gbàgàdà) orí òrùlé kalẹ̀, kí ìṣọ́ òru má lo ẹ̀rọ gbohùngbohùn lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Ní ti ìpè ìrun, ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Wàásù gígùn tí wọ́n ń fi sípíkà ìta ṣe ní ìdájí ló yẹ kí ẹ bá wọn sọ.

Ayẹyẹ. Bí wọ́n bá ti ń ri kánópì lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ lọ kí onínàáwó kú ìnáwó, kí ẹ bi í ní aago tí eléré máa ṣíwọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, ẹ fara dà á; bí ara bá ń ni yín, ẹ lọ sùn lọ́dọ̀ ẹbí. Àmọ́ bó bá jẹ́ gbọ̀ngàn ayẹyẹ ló ń ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, òwò nìyẹn, àjọ ìjọba ló ni ín.

Ìdọ̀tí tí wọ́n dà sójú gọ́tà, mọ́tò tí wọ́n gbé dí géètì, owó iná tí ẹnì kan kì í san: ọ̀nà kan náà ni, ẹ̀bẹ̀ kan tó ní ọjọ́ àti ìwọ̀n. Fún gọ́tà àti gbígbá àyíká, ẹ kọ orúkọ ojúlé kọ̀ọ̀kan sórí páálí kan, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ wá ẹni tó ń gbọ́ tirẹ̀

Bó bá ti ya àdéhùn lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má padà lọ bẹ̀ ẹ́ fúnra yín. Ẹ wo ẹni tí ẹnu rẹ̀ ń tó o. Ó lè jẹ́ àgbà ayálégbé, ìyàwó rẹ̀, bàbá tó bá a gba ilé náà, alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, tàbí baálẹ̀. Kíátékà ni èèyàn máa ń kọ́kọ́ sáré lọ bá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló máa ń gbé ọ̀rọ̀ náà kiri.

Lánlọ́ọ̀dù ní agbára níbẹ̀, ṣùgbọ́n agbára náà ní ààlà. Òfin ilé gbígbà ti ìpínlẹ̀ Èkó, tó jáde lọ́dún 2011, fún ayálégbé ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú ilé rẹ̀ ní àlàáfíà, ó sì ka ẹni tó ń ni ará ilé lára kọjá ìfaradà sí ẹni tí onílé lè lọ gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀ ní kóòtù. Kóòtù o, kì í ṣe pé kó lọ ṣí páànù orí ilé tàbí kó gé iná. Ayálégbé tó ń san owó ọdọọdún gbọ́dọ̀ gba ìwé ìkìlọ̀ oṣù mẹ́fà, àyàfi bí wọ́n bá ti kọ nǹkan mìíràn sínú àdéhùn wọn. Nítorí náà, bí lánlọ́ọ̀dù bá ní, "Màá lé e lọ́la," ẹ má gbọ́kàn lé e. Ẹ kúkú ní kó kọ ìwé sí i, kó dárúkọ ariwo náà, kó sì fún yín ní ẹ̀dà kan.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ìwé

Kí ẹ tó débi ẹ̀sùn, ẹ ro ti Citizens' Mediation Centre. Iléeṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1999, ọ̀fẹ́ sì ni. Wọn yóò kọ̀wé pe aládùúgbò náà, ẹ ó jọ jókòó níwájú ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni, ohun tí ẹ bá fẹnu kò sí yóò di ìwé tí ẹ jọ máa fọwọ́ sí. Fún èmi, ibẹ̀ ló dára jù fún ẹni tí yóò ṣì máa gbé inú ilé kan náà.

Bó bá jẹ́ ilé ọtí, iléeṣẹ́, ilé ìsìn tàbí gbọ̀ngàn ni, ẹ kọ̀wé sí LASEPA ní Alausa, Ìkẹjà. Ẹ má kọ ìtàn gígùn. Ẹ kọ àdírẹ́sì ibi tí ariwo ti ń wá àti ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, àwọn ọjọ́ àti aago láti inú ìwé ẹ̀sásáìsì yín, ohun tí ẹ ti ṣe láti fi bẹ̀bẹ̀, àti ohun tí ẹ fẹ́ kí wọ́n ṣe. Kí ojúlé mẹ́ta tàbí mẹ́rin fọwọ́ sí i, torí ẹ̀sùn ẹnì kan rọrùn láti pè ní ọ̀rọ̀ ìkórìíra. Ẹ mú ẹ̀dà kejì dání kí wọ́n lu òǹtẹ̀ gbà-á lé e lórí fún yín. Wọ́n lè wá fi ẹ̀rọ wọn wọ̀n ọ́n, wọ́n lè kìlọ̀, wọ́n sì lè tì í pa. Ní ìpínlẹ̀ mìíràn, iléeṣẹ́ ètò àyíká ìjọba yín ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ọlọ́pàá ńkọ́? Bó bá halẹ̀ mọ́ yín, tàbí tó na ọwọ́ sí yín, ẹ lọ lójú ẹsẹ̀. Fún ariwo lásán, ẹ jẹ́ kó di ohun ìkẹyìn.

Kóòtù tún wà lẹ́yìn ìyẹn. Ọ̀kan lára àwọn ẹjọ́ tí àwọn amòfin wa máa ń tọ́ka sí ni èyí tí wọ́n dá lọ́dún 1970, láàárín aládùúgbò méjì ní Súrùlérè. Adìyẹ ló dá a sílẹ̀. Ọ̀kan ń sin wọ́n lẹ́yìn ilé, ariwo wọn kì í jẹ́ kí ìkejì sùn ní ìdájí, òórùn wọn kò sì jẹ́ kó mí. Ẹni tí kò rí oorun sùn jàre: kóòtù fún un lówó gbà-máà-bínú, ó sì pàṣẹ kí ẹlẹ́dìyẹ jáwọ́. Nítorí náà, ẹ lè jàre. Àmọ́ owó lọ́yà wà níbẹ̀, ọdún máa ń lọ sí i, a kì í sì í ti kóòtù bọ̀ ṣọ̀rẹ́.

Ohun tí ẹ kò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má tan orin tiyín sókè láti fi gbẹ̀san. Ilé kẹta ni yóò pe LASEPA lé ẹ̀yin méjèèjì lórí. Ẹ má da iyọ̀ tàbí ṣúgà sínú jẹ́n ẹnikẹ́ni, ẹ má gé wáyà, ẹ má sọ òkúta lu páànù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ṣe é, ẹ̀yin lẹ di ọ̀daràn, òun á sì di ẹni tí gbogbo àdúgbò ń bá kẹ́dùn. Ẹ má ṣépè.

Bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà

Nígbà mìíràn, kíkó kúrò ló kù. Bí ẹ bá ń wá ilé tuntun, ọ̀sán ni ẹ́jẹ́ǹtì yóò fẹ́ mú yín lọ, nígbà tí gbogbo ilé bá ti lọ síbi iṣẹ́. Ẹ wò ó lọ́sàn-án, kí ẹ sì padà lọ fúnra yín ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá. Ẹ ka iye jẹ́n tó wà lẹ́yìn ilé àti fèrèsé tí wọ́n kọjú sí. Ẹ wo òrùlé tó yí i ká fún fìnlà. Ẹ wo iwájú bóyá ilé ọtí wà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ bóyá àwọn wẹ́dà wà níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyá tó pàtẹ sẹ́nu ọ̀nà, kí ẹ bi í bí àdúgbò ṣe rí lálẹ́. Òun kò ní kọ́míṣọ̀n kankan láti gbà níbẹ̀, nítorí náà, kí ẹ gbọ́ tirẹ̀ kí ẹ tó sanwó fún ẹ́jẹ́ǹtì.